Ohun tó Wà Lẹ́yìn Ìpàkọ́ Màámi

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní Ìkéré, Màámi ló wá láti Ẹmùré wẹ ọmọ fún mi. Ìpínlẹ̀ Èkìtì alára ṣì jẹ́ ìkókó nígbà yẹn, gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Adó. Èmi ò bá wọn dá sí i. Ọmú ń ro mí, oorun ń kùn mí, ìyẹn tó mi.

Ẹ bá wo Màámi nídìí ọmọ wíwẹ̀! Wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sí i, wọ́n á fi kànrìnkàn bò ó, wọ́n á na apá, na orúnkún, lẹ́yìn náà wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á sì hán an. Ẹ̀rù kì í bà mí. Ọwọ́ yẹn náà ló ju èmi.

Àfi bí ọwọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Wọ́n á na ọwọ́ sí ọṣẹ, ọwọ́ á kọjá ọṣẹ. Tí wọ́n bá dìde, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Àbí mo ti mu ẹmu ni?" Màámi bi mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ìjọ tí kì í fẹnu kan ọtí.

"Ẹ jókòó, Màámi. Ẹ máa kọ́ mi, èmi á máa wẹ̀ ẹ́."

Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fẹnu wẹ ọmọ. "Na orúnkún yẹn dáadáa! Kì í ṣe aṣọ lò ń fọ̀."

Kò pẹ́, wọn ò lè jókòó mọ́. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́nu wọn. Wọn ò rí ọdún tuntun.

Òkú ṣì wà ní ọ́sípítù nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin pè mí jókòó. "Ìyàwó, a wádìí kí a tó fẹ́ ọ. A bèèrè wèrè, wọ́n ní kò sí. A bèèrè wárápá, wọ́n ní kò sí. Ṣé èyí kì í ṣe àrùn ulé yín?" Ọmọ mi ni wọ́n tẹjú mọ́. Ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ yìí lọ́jọ́ iwájú, òun náà á wádìí.

Dókítà tó tọ́jú Màámi ní ọpọlọ nìkan ló lè sọ òtítọ́, kí a jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sin wọ́n. Àwọn ará Ẹmùré fárígá: "A kì í la orí òkú!" Mo ní, "Èmi nìkan ni Màámi bí, wọn ò sì fi nǹkan kan du ọmọ mi rí." Mo sáìnì.

Òkè òkun ni wọ́n ti bá Dókítà wo díẹ̀ nínú ọpọlọ náà, èsì sì pẹ́ kó tó dé. Dókítà fi bírò ya ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn ìpàkọ́, èyí tó ń darí ọwọ́ àti ìrìn. Ó ní purotéènì kan ló ká sódì níbẹ̀, tó ń kó jọ. Ó wá ń fi bírò sàmì kéékèèké sínú àwòrán náà, tó-tò-tó. "Ẹ wò ó, ó kúnná, ó fọ́n káàkiri. Èyí tó bá ń bá ìdílé rìn sábà máa ń dì gbàgìgbàgì níbí."

"Bíi kókó inú iyán?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ti Màmá dà bí eruku èlùbọ́. A tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò sí àmì ìdílé níbẹ̀. Ó kàn ṣàdédé wá ni. Ìwẹ̀ ò sì lè kó o ran ọmọ."

Mo ti bí ìkejì nígbà yẹn. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. "Ta ni yóò wá wẹ èyí fún ọ báyìí?"

"Èmi ni, Àǹtí. Àrùn yẹn kì í ṣe ti ulé wa. Dókítà ti wò ó. Ẹ lè lọ bi í."

Mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ọmọ sí i. Mo na orúnkún dáadáa. Nígbà tí mo jù ú sókè, Àǹtí pariwo, "Jésù!" Mo hán an.

"Ìyẹn gan-an ni ti ulé wa," mo ní.

Àǹtí dìde, wọ́n ká táwẹ́ẹ̀lì lórí okùn, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ méjèèjì kí n gbé ọmọ lé e.