Ohùn Tó Pè Mí Lọ́sàn-án Gangan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún pa á rẹ́. Lónìí, mi ò ní pa á rẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé Màmá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè mí ní abúlé wa, ní ìhà Etikan. Kí n tó gbé àwo íntánẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀run dé, ṣé ẹ mọ ohun tí à ń ṣe ká tó lè pe èèyàn? A óò rìn dé ìparí afárá pákó, a óò so fóònù mọ́ orí ọ̀pá tá a fi ń ti ọkọ̀, a óò nà án sókè, a óò wá máa pariwo sí i láti ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó bá ọkọ rẹ̀ jà tí gbogbo abúlé kò gbọ́.

Mo gbé àwo náà sórí òrùlé ilé wa, mo so ó mọ́ sólà àti bátìrì, nǹkan sì yí padà. Àwọn tó ń yan edé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ọjà ṣe rí ní Igbókòdá kí wọ́n tó wọkọ̀. Nọ́ọ̀sì wa ń fi ọgbẹ́ han dókítà nínú fídíò. Èrò kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà mi. Kí n má parọ́ fún yín, orí mi wú. Orí ta ni kò ní wú?

Ìgbà yẹn ni Alhaji Mùkáílà dé.

Ará Mahintedo ni Alhaji, ẹja gbígbẹ ni òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń tà láti ọjọ́ pípẹ́. Òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwo ilé-iṣẹ́ mìíràn, èyí tó kéré tí kò ju abọ́ ìjẹun lọ. Ó ní èèyàn lè kàn án mọ́ orí ọkọ̀ apẹja, kó sì máa fi pe ilé láti agbami, níbi tí ojú kò ti rí ilẹ̀ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo ẹni tó bá wá sí ẹnu ọ̀nà mi ni mo ń sọ fún pé irọ́ ni. Àwo tó ń mì lórí ìgbì, báwo ló ṣe máa rí ojú ọ̀run? Mo sọ ọ́ títí èmi fúnra mi fi gbà á gbọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àbúrò mi, Olúwaḿbẹ, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mò ń fi Alhaji ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Apẹja ni Olúwaḿbẹ. Òun àti Ṣẹ́gun ló jọ ń wọ òkun. Ẹgbẹ́ mi ni Ṣẹ́gun, kì í ṣe ẹgbẹ́ àbúrò mi. Èmi àti ẹ̀ jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ sílé ẹ̀kọ́ láti kékeré ni, ilé wa ló sì ti ń jẹun títí ó fi fẹ́yàwó. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá wa. Ìye là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, wẹ là sì ń pe ìwọ. Ìye kọ́ wa ní òfin kan: tí o bá wà lórí omi tàbí létí omi, tí ohùn kan pè ọ́ tí o kò rí ojú ẹni tó ni ín, má dáhùn. Dákẹ́. Gbá pákó lẹ́ẹ̀kan, kí o dúró. Tó bá jẹ́ èèyàn ni, á yọjú.

Ìye kì í fi òfin yẹn ṣeré, nítorí bàbá wa dáhùn. Mo kéré nígbà náà. Ìye ń sá ẹja lórí afárá, bàbá ń tukọ̀ bọ̀ nínú kùrukùru ọyẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ìye ní òun gbọ́ tó sọ pé, “Òo, mò ń bọ̀.” Kò gbọ́ ẹni tó pè é. Nígbà tí kùrukùru náà ká, ọkọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń yí po lójú kan. A kò rí bàbá wa mọ́ títí dòní.

Ó dáa. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá yìí, Olúwaḿbẹ àti Ṣẹ́gun wọ òkun. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin làwọn máa lò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán gangan, wákàtí tí àwọn àgbà kì í fẹ́ kí èèyàn dá rìn, kùrukùru bo abúlé débi pé mi ò rí ilé tó kọjú sí tiwa. Èmi àti Ìye jókòó sí iwájú ilé. Fóònù mi dún. Ìpè Wátsáàpù ni. Orúkọ Olúwaḿbẹ ló wà lójú rẹ̀.

Mo rò pé wọ́n ti gúnlẹ̀ síbì kan ni. Mo gbé e. Fídíò ni, ṣùgbọ́n ojú fóònù dúdú, kò fi èèyàn hàn. Mo gbọ́ omi tó ń gbá pákó. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn kan fà gùn bí ẹni pé inú agbè ló ti ń bọ̀:

“Ẹ̀bùn... Ẹ̀bùn...”

Ṣé ẹ rí i, àbúrò mi kò pè mí lórúkọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Àǹtí ló ń pè mí. Kí ló máa mú un pe orúkọ mi gbẹrẹfu báyìí? Ta wá ni ẹni yìí, tó ń fi nọ́ńbà àbúrò mi pè mí, tó sì fi ojú pamọ́?

Mo ti fẹ́ la ẹnu. Ìye ti fi ọwọ́ bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí ẹja.

“Ọma mi, má dáhùn,” ló ń sọ sí mi létí. “Ẹni tó wà ní agbami kì í pe ulé. Wẹ náà lo sọ bẹ́ẹ̀. Má dáhùn.”

Ohùn náà pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìye fi ìka gbá pákó lẹ́ẹ̀kan. A dúró kí ojú yọ. Ojú kò yọ. Ìpè náà já.

Mo lọ sí kọ̀rọ̀, mo pe nọ́ńbà Olúwaḿbẹ padà. Kò wọlé. Mo wá sọ fún ara mi pé Ìye ló mọ̀ jù. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ọ̀sán gangan bákan náà, ó tún dún. Mo dúró ti fóònù náà, mi ò gbé e. Ó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìye ń sunkún. Ó ní ohun tó gba ọkọ òun ló tún wá mú ọmọ òun, àti pé àwo tí mo gbé sórí òrùlé yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní kí n pa á.

Mo pa á. Èmi Màmá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ wáyà. Gbogbo abúlé dákẹ́. Àwọn oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn, mo ní ẹ̀rọ bàjẹ́ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ Alhaji Mùkáílà gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ afárá wa. Kò wá ṣe ìjà ọjà. Ojú rẹ̀ le. Lẹ́yìn tó kí Ìye tán, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá Olúwaḿbẹ pè mí.

Mo ní kí ló dé?

Ó wo ilẹ̀. Ó ní kí n má bínú, pé àbúrò mi ti ra àwo ọkọ̀ kan lọ́wọ́ òun, ó sì bẹ òun kí òun má jẹ́ kí n mọ̀, nítorí ojú ń tì í láti ra ọjà ẹni tí mò ń bá díje. Orúkọ Alhaji ni wọ́n fi forúkọ àwo náà sílẹ̀, ó sì ń rí ibi tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ó ní òun ti rìnrìn àjò fún ọjọ́ méjì, ìgbà tí òun dé lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ wọn kò rìn bí ọkọ̀ tó ń pẹja mọ́. Omi ló ń gbé e lọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ìdí ẹ̀rọ. Mo ti wáyà náà padà bọ ojú rẹ̀. Kò pẹ́, fóònù mi gbọ̀n. Ohun méjì ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: àmì ibi tí wọ́n wà, àmì róbótó kan ṣoṣo láàárín omi tí kò ní orúkọ, àti ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n gbà sílẹ̀. Mi ò lè gbọ́ ọ nígbà yẹn. A wọ ọkọ̀ Alhaji pẹ̀lú àwọn géńdé méjì, a lọ.

Lójú agbami, níbi tí a kò ti rí ilẹ̀, fóònù Alhaji ń ṣiṣẹ́ kedere lórí àwo kékeré tí mo fi rẹ́rìn-ín.

A rí ọkọ̀ náà nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Olúwaḿbẹ wà nínú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́. Bátìrì wọn kò lágbára, ọyẹ́ sì bo oòrùn, nítorí náà ọ̀sán gangan nìkan ni sólà wọn ń rí iná tó lè gbé àwo yẹn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì tó gbé àwòrán. Èmi ni wọ́n ń pè, torí nínú gbogbo abúlé, èmi nìkan ni fóònù mi kì í kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí, ọwọ́ Olúwaḿbẹ wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ṣẹ́gun ló mú fóònù. Ṣẹ́gun, ẹgbẹ́ mi, tí kò ní orúkọ mìíràn tó ń pè mí ju Ẹ̀bùn lọ.

Òun ló pè mí. Mo mọ ohùn yẹn láti kékeré, mi ò sì dá a mọ̀.

Olúwaḿbẹ ní lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mi ò gbé ìpè, Ṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Á gbórí sókè, á ní kí àwọn dákẹ́. Nírọ̀lẹ́, ó dìde dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀bùn ló ń pè mí yẹn.” Olúwaḿbẹ ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣẹ́gun dáhùn, ó ní, “Òo, mò ń bọ̀,” ó sì gbé ẹsẹ̀ sínú omi bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí afárá.

Èmi ni mo lọ bá ìyàwó rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n fi ránṣẹ́. Kò gùn. Olúwaḿbẹ ń sọ pé, “Àǹtí, èmi ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e.” Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, lókèèrè, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń pe Ṣẹ́gun. Ohùn obìnrin ni. Obìnrin wo ló wà nínú ọkọ̀ ọkùnrin méjì? Mo fi han Ìye. Ó gbọ́ ọ, ó wò mí, ó sì gbé fóònù náà padà lé mi lọ́wọ́.

“Ọma mi,” ló sọ, “ohùn wẹ ni.”

Ìye kì í sọ òfin rẹ̀ mọ́. Ó ní òun rò pé òun ń gbà mí là ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olúwaḿbẹ ti padà sójú omi, àwo Alhaji wà lórí ọkọ̀ rẹ̀, mo sì ti ń júwe ọjà Alhaji fún gbogbo apẹja tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n tí mo bá pe àbúrò mi láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn. Á kọ́kọ́ yíjú, á wo ojú mi dáadáa.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹ má fi yẹ̀yẹ́ ọjà ẹlòmíràn dí ara yín lójú. Kí ẹ tó sọ pé èèyàn kò lè wà níbì kan, ẹ béèrè. Gbólóhùn kan ṣoṣo, “Ta nìyẹn?”, ì bá tó. Nílé wa, a ti mú ọ̀rọ̀ kan tí a jọ mọ̀, ẹni tó bá pè láti òkun á sọ ọ́, a ó sì mọ̀ pé èèyàn ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ohùn kan ti pè yín rí láti ibi tí ẹ gbà pé kò sí èèyàn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí, mo fẹ́ kà á. Ẹ sì sọ fún mi, ṣé ẹ dáhùn?