Orúkọ Tí Karimat Ní Tí Mutmainnah Kò Ní

Láti Minna ni Mutmainnah ti ń jowú Karimat, kí ó tó fojú kàn án rárá. Àwòrán Karimat wà lórí fóònù bàbá Mutmainnah: ó wọ aṣọ ọdún Iléyá, ó fara ti Ìyá Àgbà, bí ẹni pé òun nìkan ni ọmọ-ọmọ tí ìyá náà ní. Bí wọ́n bá sì pe Ìyá Àgbà lórí fóònù, ẹnìkan kì í ṣàì máa ké lẹ́yìn pé, "Awẹ́lẹ́wà dà? Awẹ́lẹ́wà ò!" Karimat a sì jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Mutmainnah ni Karimat. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ilé Ìyá Àgbà ní Bẹyẹrúnkà, n'Ìbàdàn, ni wọ́n bí Karimat sí. Mutmainnah kò dé Ìbàdàn rí.

Nígbà tí bàbá rẹ̀, Ishaq, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Minna, ní kí ó lọ parí ilé-ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ó bá a ṣe àdéhùn kan.

"Fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó," ni ó wí. "Bí ara rẹ kò bá mọlé, pè mí. Dẹ́rẹ́bà tó máa gbé ẹ lọ á tún wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Àlàmísì. Á gbé ẹ bọ̀."

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni bọ́ọ̀sì gbéra. Mutmainnah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀rá kúlíkúlí tí ìyá rẹ̀ dín wà lórí itan rẹ̀. Ti Ìyá Àgbà ni. Bí ebi ti ń pa á tó, kò tọ́ ọ wò.

"Ọmọ yìí, ṣé wúrà lo gbé lẹ́sẹ̀ ni?" ni obìnrin tó jókòó tì í bi í. "Bù fún wa níbẹ̀ jàre."

"Ẹ má bínú mà, ti ìyá bàbá mi ni."

"Ìyá bàbá ẹ ṣì ní eyín tó ń fọ́ kúlíkúlí?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mutmainnah náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó di ẹnu ọ̀rá náà mú.

Wọ́n kọjá Bídà àti Mọ́kwá. Ní Jẹ́bà ó rí Odò Ọya, omi náà fẹ̀ débi pé ó gbàgbé ebi. Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó yà á lẹ́nu pé èdè tí wọ́n ń sọ nínú yàrá àwọn nìkan ní Minna ni gbogbo ẹni tó ń kiri ọjà fi ń pariwo lójú títì.

Ìyá Zakariyya, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, ló wá pàdé rẹ̀ ní Òjóò. "Mutmainnah! Káàbọ̀ o!" Inú Mutmainnah dùn pé obìnrin náà mọ orúkọ òun. Wọ́n wọ máíkírà, takisí kékeré Ìbàdàn, lọ sí Bẹẹrẹ. Nígbà tí ọkọ̀ gun òkè Mápó, Mutmainnah wo ìsàlẹ̀, ó rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà, wọ́n fara ti ara wọn lọ títí ojú kò fi tó òpin wọn mọ́. Minna fẹ̀, kò sí ẹni tó ń fara kan ẹnìkejì níbẹ̀. Ibí yìí dà bí ìdílé kan ṣoṣo. Ó dára lójú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí inú fi bí i. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni Karimat ti fi ń wo gbogbo èyí lófẹ̀ẹ́.

Ìyá Àgbà dì mọ́ ọn, ó sunkún. Ó tú ọ̀rá náà, ó ju kúlíkúlí kan sẹ́nu, ó ń lá a. Lẹ́yìn náà ó bu ẹ̀kúnwọ́. "Karimat, gbà. Ìwọ lo leyín."

Karimat ń jẹ ẹ́ kàù-kàù. Lójú Mutmainnah, bí ẹni ń jẹ itan tí òun gbé e lé láti Minna ni.

Nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ibùsùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn. Lọ́jọ́ kẹta, Mutmainnah béèrè ohun tó ń dùn ún.

"Kí ló dé tí àwọn ìyàwó ilé kì í pè ọ́ ní Karimat?"

"Wọ́n bá mi nílé ni. Tí wọ́n bá ti bí ọmọ kan kí ìyàwó tó wọlé, ìyàwó náà ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Á wá orúkọ mìíràn fún un."

"Èmi ńkọ́?"

Karimat gbé èjìká sókè. "Ìwọ? Ṣebí Minna ni wọ́n bí ẹ sí."

Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí Ìyá Zakariyya bá pè é ní Mutmainnah, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé wọ́n ń sọ fún un pé àlejò ni.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, Karimat lọ pọn omi. Ìyá Zakariyya ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. "Awẹ́lẹ́wà ò! Ẹ wá bá mi fún aṣọ ìbora yìí!"

Mutmainnah mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè. Ẹnu rẹ̀ ló dáhùn. "Mà!" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di etí aṣọ kan mú.

"Ẹ ṣé, Awẹ́..." Ìyá Zakariyya gbójú sókè. "Há à! Mutmainnah, ìwọ kọ́ ni mo pè."

Zakariyya, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, fò sókè. "Ó ń jẹ́ Awẹ́lẹ́wà! Ó ń jẹ́ Awẹ́lẹ́wà!"

Karimat ti gbé omi dé. "Ẹ jẹ́ kó mú un," ni ó wí. "Ó ti gba ìdajì ibùsùn mi. Orúkọ ló kù."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Mutmainnah, ó já sínú ẹrẹ̀. Ó sáré gòkè, ó ń kó ẹrù sínú báàgì, ó sì pe bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé..."

Ohùn Ìyá Àgbà dá a dúró láti ìsàlẹ̀.

"Ìyá Zakariyya, ta lo pè lórúkọ lẹ́ẹ̀kan?"

"Mutmainnah ni mà."

"Ọdún mélòó lo ti wọlé yìí?"

"Ọdún mẹ́fà, mà."

"Ọmọ yẹn ti pé mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i ní Minna, ojúde yìí la ti pa àgbò rẹ̀. Èmi ni mo mú orúkọ yẹn wá. Ìwọ wá ń fi pè é bí ẹni tí o bí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò bá a nílé ni mo ṣe rò pé..."

"O bá a. Ojú rẹ ni kò rí i."

"Háló?" ni Ishaq ń pariwo lórí fóònù. "Kí ni kí n sọ fún dẹ́rẹ́bà?"

"Ẹ ní kó má dúró dè mí, Bàbá."

Ìyá Zakariyya gòkè wá tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ dákun, ọkọ mi, mo jẹ̀bi." Ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Dúdú tó ń dán báyìí! Adúmáadán ni màá máa pè yín."

Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. Kò pẹ́, ó ké láti ẹ̀yìnkùlé: "Adúmáadán ò! Ẹ wá bá mi fún aṣọ tí ẹ sọ sínú ẹrẹ̀!"

Mutmainnah kò dáhùn. Karimat, tó jókòó sétí ibùsùn, wò ó.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́."

Karimat dijú mágbárí. "Orúkọ tìẹ tún wá gùn ju tèmi lọ."

Mutmainnah tẹ́tí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ń dúró kí wọ́n tún fi orúkọ náà pe òun.