Adìẹ Tó Jẹ Ọmọ Ogun Ìbàdàn

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú ní Ìdímù, ẹsẹ̀ òsì mi sì kán. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Ìgàndó. Ó fi igi wẹ́wẹ́ di ẹsẹ̀ náà, ó mú adìẹ kan, ó dá ẹsẹ̀ òsì adìẹ náà, ó dì í bíi tèmi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi.

"Tíṣà, ọjọ́ tí adìẹ yìí bá rìn ni wàá rìn. Kó tó rìn, o ò kúrò níbí."

Bí adìẹ ṣe di ọ̀gá mi nìyẹn. Yàrá náà kò gbà ju ẹní méjì lọ, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Awakọ̀ kan tó kán lápá ló wà lórí ẹní kejì. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọmọ Èkìtì ni mí. Ojoojúmọ́ la ń jiyàn lórí ogun Kírìjì. Nígbà tó sú mi, mo ní kó bu amọ̀ wá, ká ja ogun náà tán.

Mo mọ òkè méjì sórí pákó, mo fi náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù ṣe odò sáàárín wọn, mo ya kànìnkànìn wẹ́wẹ́ ṣe igbó. Ẹ̀wà ni ọmọ ogun tèmi, àgbàdo ni tirẹ̀. Dáìsì lúdò ló ń sọ ẹni tó kú. Mo fẹ́ràn àwọn òkè yẹn ju bó ṣe yẹ àgbàlagbà lọ.

Ṣùgbọ́n ojú adìẹ ò kúrò lára àgbàdo. Kó má bàa ba ogun wa jẹ́, mo ní kí awakọ̀ fi apẹ̀rẹ̀ dé e.

Àràárọ̀ ni bàbá ń béèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ó ti rìn?"

"Rárá, bàbá."

Oṣù kejì wọlé. Mo máa ń bojú sunkún, mo rò pé mo ti darọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ fún adìẹ lómi, ó gbàgbé láti dé e padà, ó lọ wẹ̀. Adìẹ dìde. Ó rìn tààrà gun òkè Ìbàdàn, ó ń ṣa ọmọ ogun jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣíọ̀! Kúrò ńbẹ̀ jàre!" Mo ju bàtà lù ú, mi ò bá a.

Bàbá sáré wọlé. Ó wo adìẹ, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wò mí.

"Láti ìgbà wo lo ti ń dé e?"

"Ó tó oṣù kan, bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Tíṣà, ara ẹ lo dé mọ́bẹ̀ ṣá. Ó yá, dìde."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo dìde. Orí òkè Èkìtì ni ẹsẹ̀ òsì mi kọ́kọ́ tẹ̀. Òkè náà fọ́ pátápátá, mi ò sì wẹ̀yìn.