Afẹ́fẹ́ Tí Kò Tíì Ya

Ogún kọ́bọ̀ la fi ń wọ mọ́tò láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ẹmùré nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo san, n kò tilẹ̀ dúnàá-dúrà, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀ lórí ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé níbẹ̀.

Ní yunifásítì, àwa mẹ́rin la jọ gbé yàrá kan. Afẹ́fẹ́ tó ń yí po lókè réré ni ọ̀rẹ́ mi yìí ń kọ́ nípa rẹ̀, lápá àríwá ayé, níbi tí oòrùn kì í yọ nígbà òtútù. Á bomi sí bàsíà, á wọ́n gààrí lé e, á fọwọ́ rò ó kó máa yí. Tó bá wá ń ti ẹ̀gbẹ́ bàsíà, gààrí á gbọ̀n, á ya sí méjì.

"Ìgbì láti ìsàlẹ̀ ló ń dà á rú!" ni yóò wí.

"Oúnjẹ wa lo dà rú, wèrè!" làwa náà á pariwo.

Lọ́dọọdún, bí afẹ́fẹ́ náà bá ti ya, á pè mí. Lọ́dún yìí, kò pè. Ẹ̀rù sì bà mí láti pè é, kí ẹlòmíràn má lọ gbé fóònù rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ kú ọ̀nà, sà. Ó wà nulé. Kò tíì jókòó láti àárọ̀."

Ọ̀rẹ́ mi yọ sí wa. "Kò tíì ya! Kí ni ǹ bá pè ọ́ sọ?"

Mo dì mọ́ ọn. Nínú àwa mẹ́rin, ọ̀kan kú sí Ìlawẹ̀, èkejì kú lọ́dún tó kọjá. Ó ku èmi, ó ku òun.