Egbò ẹnu Sìkírá àti ìda funfun

Ẹ máa pè mí ní Dókítà Eyín láti òní lọ. Mo ti rí ohun tó ń dá egbò sí ọmọ-ọmọ mi lẹ́nu.

Ká má purọ́, tọ́ọ̀ṣì lásán ni mo tàn sí i.

Wọ́n de wáyà mọ́ eyín Sìkírá n'Íbàdàn kí eyín náà lè tò gúnrégé. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ògì nìkan ń wọ ọ̀fun rẹ̀. Mo ní òfófó ló dá egbò sí i lẹ́nu. Kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí mo ní kó yanu. Ibi tí ṣóńṣó wáyà ti ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an ni egbò wà, ó funfun láàárín, ó pupa létí.

"Dókítà ò fún ẹ ní nǹkan tí wàá fi bo ẹnu wáyà yìí ni?"

"Wọ́n fún mi ní ìda funfun, Bàbá. Orí fèrèsé ni mo gbé e sí, n ò rí i mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á nítòsí Lálúpọn, kí ọmọ yìí lè jẹun? Ṣé ìda náà kì í ṣe ikùn èèyàn ní jàǹbá?

Èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo rò pé ṣingọ́ọ̀mù ni.