Ìbéèrè Ààfáà Bẹyẹrúnkà

Mi ò fọkàn tán ààfáà tó ń kọ́ ọmọbìnrin mi ní kéwú ní Bẹyẹrúnkà. Pàṣán rẹ̀ wà lára ògiri, aláǹtakùn ti takùn sí i. Irú ààfáà wo nìyẹn? Láràárọ̀, kò ní kọ nǹkan kan sí wàláà ọmọ títí yóò fi bi í pé, "Kí ló wà lọ́kàn rẹ?" Mo máa ń kìlọ̀ fún ọmọ mi pé, "Ẹni tó ń wádìí ilé onílé, nǹkan ló ń wá. Má tú wa síta o."

Nígbà tí ìròyìn dé pé ọkọ mi ti kú lójú ogun, àwọn àgbà agbo ilé ní kí n pa á mọ́ra títí wọn yóò fi kéde. Mo sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Lọ́jọ́ kẹta, ààfáà dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo dínà mọ́ ọn. "Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́ nílé wa?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá. Ọmọ yín ti gbọ́ ikú bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo jù fún un láti dá gbé. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún yín. Ó ní ìyá òun ò tíì mọ̀, ìyá òun ṣì ń retí bàbá òun."