Àmín Tí À Ń Ṣe fún Bàbá Mi

Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Èjìgbò, òun fúnra rẹ̀ ò sùn nínú rẹ̀ tó ọdún méjì lápapọ̀ kí àìsàn tó gbé e wálé. Abíjàn ló wà láti ìgbà tí mo ti wà níkùn ìyá mi. Bí ọdún bá yípo, á wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, á fi yàrá kan kún ilé, á tún padà. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ mi dàgbà. Bí mo ṣe di télọ̀, tí irun mi ń funfun, tí n ò gbọ́ Faransé kankan nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú lọ́hùn-ún, wọ́n bá fi mọ́tò gbé e wá bá mi. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu sì ti wọ́. Àmọ́ ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé Yorùbá ti tán lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́, á mirí. Bó bá fẹ́ fèsì, Faransé ni, Faransé tó ń wọ́ nílẹ̀ bí àpò gààrí tí ẹnì kan ṣoṣo ń fà.

Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń kúrò lára ògiri, á kọjú sí ẹnu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan náà. Mo pe aládùúgbò wa kan tó ti Abíjàn dé, Alájì tó ń ta aṣọ, kó wá bá mi gbọ́ ọ. Ó jókòó, ó tẹ́tí, ó wolẹ̀.

"Ìyá Télọ̀, bàbá ń ṣàdúrà fún yín ni. Ẹ ṣáà máa ṣe àmín."

À ń ṣe é. Bó bá wí tirẹ̀ tán, èmi a ní, "Àmín, àṣẹ!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, màmá arúgbó tó máa ń gun ọ̀kadà láti Ìsundúnrìn wá wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀, á tẹ́wọ́ méjèèjì: "Àmín, láṣẹ Ọlọ́run!" Ìgbà náà gan-an ni bàbá á máa fi ọwọ́ òsì lu apá àga, tí omi á lé sójú rẹ̀. Mo bi ara mi pé ta ló ń ṣàdúrà tó ń bínú sí ẹni tó ń ṣe àmín?

Ohun tó gbé mi dórí fóònù nìyẹn: kí n lè fi etí ara mi gbọ́ ohun tó ń fẹ́. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá mi gbé ètò ìkọ́ni kan sí i, ó fi mí kún ẹgbẹ́ Wásáàpù àwọn tó ń kọ́ Faransé. Mo gbé fóònù sórí máṣíìnì, láàárín òwú àti bọ́tìnnì. Ó ń ní kí n sọ ọ́ ní Faransé pé: Ológbò ń mu wàrà. Ọmọ ń jẹ èso. Bí mo bá gbà á, á dún bí agogo. Bí n ò bá gbà á, á ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ títí abẹ́rẹ́ fi kán. Bàbá mi ò sì ní ológbò.

Nínú ẹgbẹ́, kálukú gbọ́dọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́. Mo fi tèmi ránṣẹ́. Ọmọ Ìbàdàn kan ní, "Màmá Èjìgbò, Faransé yín yìí ti jẹyán yó!"

"Iyán ló ń fún un lágbára," mo dá a lóhùn. "Tìẹ ló ń gbọ̀n bí ẹni ebi ń pa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kan, mo gba ohùn bàbá sílẹ̀ kí n lè bi wọ́n. Ìka mi dé ibi tí n ó tẹ̀ kó lọ, mo rántí ẹ̀rín yẹn, mo pa á rẹ́.

Ó tó oṣù méjì kí ẹ̀kọ́ tó kan ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Mo ń rán etí búbá lọ́wọ́, bàbá wà lórí àga rẹ̀. Fóònù lanu, ohùn obìnrin kan tó dán bí àwo tuntun ló fi sọ gbólóhùn bàbá. Odindi rẹ̀. Bàbá yíjú. "Wi," ó wí fún fóònù, "wi, wi," bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó na ọwọ́ òsì sí i bí ẹni tó rí ẹni tó máa mú un lọ.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ rẹ̀ lójú fóònù. Mo tú u sí Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀ mí lára: Mo fẹ́ padà sílé.

Mo fi Faransé kékeré ọwọ́ mi ní, "Bàbá, ẹ wà nílé."

Ó wo àjà. Ó wo ilẹ̀kùn onírin tó ti Abíjàn fi ránṣẹ́. "Nọ̀n," ló wí, rárá ni, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń tọ́ àlejò sọ́nà.

Mo lọ bá aládùúgbò. "Alájì, ẹ gbọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ wá ní àdúrà ni."

"Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Yàrá tó ń gbé lọ́hùn-ún, ẹlòmíì ti wọbẹ̀. Ta ló kù níbẹ̀ tí ẹ máa gbé e fún?"

Mo padà sídìí máṣíìnì mi.

Jímọ̀ dé, màmá Ìsundúnrìn dé. Oòrùn kúrò lára ògiri, bàbá bẹ̀rẹ̀. Màmá fi ìgbùnwọ́ gún mi. "Ìwọ tó ń kọ́ Faransé, kí ni àbúrò mi ń wí?"

Bàbá ń wò mí. Ó mọ̀ pé mo ti gbọ́.

"Àdúrà ni, Màmá."

"Àmín, láṣẹ Ọlọ́run!" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? O ò ṣe àmín?"

Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì, mo jẹ́ kó máa pariwo. N ò tíì ki òwú bọ abẹ́rẹ́.